Orí Kẹrin: Ọ̀rọ̀ "Nomad", Ìtumọ̀ Rẹ̀ àti Ibi Tó Ti Ṣẹ̀ Wá

Ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí

Nomad ni ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ èdè ayé òde òní ń lò fún ẹni tí kì í gbé ojú kan láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀, tó jẹ́ pé bí ìgbà bá ti yí ni yóò tú àgọ́ rẹ̀, tọmọ-taya, tẹrù-tẹran, tí yóò sì lọ pa á síbòmíràn. Ìwé ìmọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá máa ń fi í pe oríṣi ènìyàn mẹ́ta. Àwọn kan ń dọdẹ, wọ́n sì ń ṣa èso àti gbòǹgbò jẹ nínú igbó, bíi àwọn San ní aginjù Kàlàhárì àti àwọn Hadza ní Tàǹsáníà. Àwọn kan ń sin ẹran, wọ́n sì ń tẹ̀lé koríko àti omi, bíi àwọn Fúlàní ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, àwọn Tuareg ní Sàhárà àti àwọn ará Mòǹgólíà. Àwọn ẹlẹ́ẹ̀kẹta kì í ṣe ọdẹ, ẹran wọn kò sì pọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́, orin tàbí òwò ni wọ́n ń gbé tọ oníbàárà lọ láti ìletò dé ìletò, gẹ́gẹ́ bí àwọn alágbẹ̀dẹ tí wọ́n ń pè ní Inadan ti ń ṣe láàárín àwọn Tuareg.

Oríṣi kejì, ìyẹn àwọn tó ń sin ẹran, ló ni ọ̀rọ̀ náà ní ti gidi. Àwọn méjì yòókù wọ abẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, nígbà tí àwọn tó ń lò ó kò rántí ohun tó túmọ̀ sí mọ́. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀, nítorí ohun tí àwọn ènìyàn rò pé ó túmọ̀ sí ti mú kí ìjọba ṣe òfin, ó ti mú kí wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀, ó sì ti ṣekú pa ogunlọ́gọ̀ ènìyàn.

Yorùbá kò ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tó kó oríṣi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ni àwọn olùtumọ̀ sábà máa ń mú, ìtumọ̀ wọn kò sì bára mu. Alárìnkiri ni àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ tí kò dùn létí. Òun ni Bíbélì èdè Yorùbá lò nínú ègún tó wá sórí Kéènì lẹ́yìn tó pa àbúrò rẹ̀, tí wọ́n sì gbé ìsáǹsá tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá fara balẹ̀ ka ibẹ̀ yóò rí i pé àgbẹ̀ ni Kéènì. Ébẹ́lì tó kú ló ń sin àgùntàn. Ìrìnkiri di ìyà fún Kéènì nítorí pé ilẹ̀ kò ní so èso fún un mọ́. Kò sí ibi tí ìtàn náà ti dá darandaran lẹ́bi pé ó ń tẹ̀lé ẹran rẹ̀.

Darandaran yìí ni ọ̀rọ̀ kejì. Àpètúnpè "daran", ìyẹn "da ẹran", ló bí i. Kò sọ bóyá ẹni náà ní ilé tàbí kò ní, kò sì sọ bóyá ó mọ ibi tó ń lọ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló sọ. Nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì, darandaran ló sún mọ́ ohun tó wà lọ́kàn àwọn Gíríìkì tó kọ́kọ́ lo nomad.

Gbòǹgbò rẹ̀ nínú èdè Gíríìkì

Nomás ni àwọn Gíríìkì àtijọ́ ń pe ẹnì kan ṣoṣo, nomádes bí wọ́n bá pọ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó bí i ni némein, tó ní ìtumọ̀ méjì tó so kọ́ra. Ó túmọ̀ sí kí a pín nǹkan kí olúkúlùkù lè gba èyí tó tọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni akéwì Homer ṣe lò ó fún pípín ẹran níbi àsè. Ó sì tún túmọ̀ sí kí a da ẹran lọ sí pápá kí ó lọ jẹko. Kò ṣòro láti rí bí ìtumọ̀ méjèèjì ṣe lè gbé pọ̀ lẹ́nu ọ̀rọ̀ kan. Koríko kì í tó gbogbo agbo lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹran òun yè ní láti mọ apá ibi tó kan òun, kó mọ ìgbà tó kàn án, kó sì mọ ìgbà tó gbọ́dọ̀ kúrò kí ẹlòmíràn lè débẹ̀.

Láti ara némein ni ọ̀rọ̀ méjì mìíràn ti jáde, tí lẹ́tà wọn jẹ́ ọ̀kan náà, tó jẹ́ pé ibi tí ohùn ti ròkè nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Yorùbá tó mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọkọ̀ àti ọkọ́ kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Nomós, tí ohùn rẹ̀ ròkè ní ìparí, ni pápá ìjẹko, tàbí ilẹ̀ tí a pín fún àwọn kan láti máa lò; òun náà ni àwọn Gíríìkì fi pe àwọn ẹkùn tí wọ́n pín ilẹ̀ Íjíbítì sí. Nómos, tí ohùn rẹ̀ ròkè ní ìbẹ̀rẹ̀, ni òfin, ni àṣà tí gbogbo ìlú fọwọ́ sí. Némesis, òrìṣà obìnrin tó máa ń san ẹ̀san fún agbéraga, jẹ́ ọmọ ìdílé ọ̀rọ̀ kan náà, nítorí pé ohun tó tọ́ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan ni ó ń pín fún un. Oikonomía náà tún wà níbẹ̀, ìyẹn ṣíṣe ètò ilé àti ohun ìní, èyí tí èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ di "economy". Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá èdè ti tọpasẹ̀ gbòǹgbò yìí kọjá èdè Gíríìkì, wọ́n sì rí ìbátan rẹ̀ nínú èdè Jámánì, níbi tí nehmen ti túmọ̀ sí kí a mú tàbí kí a gba nǹkan.

Ìdílé ọ̀rọ̀ tí nomad ti jáde wá nìyẹn: òfin, ìpín, ètò ilé, ẹ̀san tó tọ́. Kò sí ìrìn gbéregbère níbẹ̀ rárá. Kì í sì í ṣe pé àwọn Gíríìkì kò ní ọ̀rọ̀ fún ìrìn gbéregbère. Planâsthai ni wọ́n ń lò fún ẹni tó ṣìnà tàbí tó ń rìn láìní ibi kan pàtó, láti inú rẹ̀ ni wọ́n sì ti fún àwọn ìràwọ̀ tí kì í dúró sójú kan ní orúkọ tó di "planet" lónìí. Ọ̀rọ̀ yẹn wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ lò ó. Síbẹ̀, orúkọ tó dúró lórí àwọn tó ń sin ẹran ni èyí tó jáde láti inú pápá ìjẹko.

Herodotus àti àwọn Scythia

Ẹni tó kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ gígùn sílẹ̀ nípa irú àwọn ènìyàn yìí ni Herodotus, ọmọ ìlú Halicarnassus, tó kọ̀wé ní ọ̀rúndún karùn-ún ṣáájú ìbí Jésù. Nínú ìwé kẹrin iṣẹ́ ńlá rẹ̀, ó ṣàlàyé àwọn Scythia tó ń gbé ní àríwá Òkun Dúdú, ní ilẹ̀ tí Ukraine àti gúúsù Rọ́ṣíà wà lónìí. Ó kíyè sí i pé kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣí kiri. Ó ya àwọn tó ń ro oko sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí kò gbin nǹkan kan, ó sì jẹ́ pé àwọn ìkẹyìn yìí nìkan ni ó pè ní nomádes. Wọn kò ní ìlú tó dúró, wọn kò mọ odi yí ara wọn ká, orí kẹ̀kẹ́ ẹrù ni wọ́n kọ́ ilé wọn sí, orí ẹṣin ni wọ́n sì ti ń ta ọfà. Ojú àbùkù kọ́ ni Herodotus fi wo èyí. Ní tirẹ̀, àwọn Scythia ti rí ọgbọ́n kan tí kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn: ẹni tó bá gbógun tì wọ́n kò lè sá mọ́ wọn lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sẹ́ni tó lè bá wọn bí wọ́n bá kọ̀ pé kò ní bá àwọn.

Dáríúsì ọba Páṣíà fojú ara rẹ̀ rí i ní nǹkan bí ọdún 513 ṣáájú ìbí Jésù. Ó kó ọmọ ogun púpọ̀ sọdá odò Danube láti lọ ṣẹ́gun wọn. Àwọn Scythia kò dúró jà. Wọ́n ń fà sẹ́yìn, wọ́n ń dí kànga, wọ́n sì ń ba koríko jẹ́ lójú ọ̀nà ọ̀tá. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà sú Dáríúsì, ó ránṣẹ́ sí Idanthyrsus, ọba wọn, pé kí ló dé tó ń sá. Gẹ́gẹ́ bí Herodotus ṣe ròyìn rẹ̀, èsì ọba náà ni pé òun kò sá fún ẹnikẹ́ni, pé bí òun ti ń ṣe nígbà àlàáfíà náà ni òun ń ṣe báyìí, pé àwọn kò ní ìlú tàbí oko tí àwọn fi máa sáré wá jà. Ṣùgbọ́n ibojì àwọn baba àwọn wà, bí Dáríúsì bá lè rí i kó fọwọ́ kàn án, nígbà náà ni yóò mọ̀ bóyá àwọn máa jà tàbí àwọn kò ní jà. Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí èsì yìí. Ẹni tó mọ ibi tí wọ́n sin baba rẹ̀ sí, tó sì ṣe tán láti kú lé e lórí, kì í ṣe aláìnílé.

Nígbà tó fi máa di ọ̀rúndún kẹrin ṣáájú ìbí Jésù, ohùn àwọn onímọ̀ Gíríìkì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Aristotle, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìṣèlú, to ọ̀nà tí ẹ̀dá ń gbà jẹun lẹ́sẹẹsẹ, ó sì ní àwọn nomad ló lẹ jù nínú gbogbo ènìyàn, nítorí pé ẹran ọ̀sìn ń bọ́ wọn láìsí làálàá. Ó fi kún un pé dandan ni kí wọ́n máa ṣí bí ẹran wọn bá ti ń ṣí, bí ẹni tó ń ro oko tó lẹ́mìí. Àlàyé kejì yìí tọ̀nà, ó sì jinlẹ̀. Ti ọ̀lẹ ni kò tọ̀nà. Ẹni tó bá ti rí i bí wọ́n ṣe ń fi okùn fa omi láti inú kànga jíjìn fún ọgọ́rùn-ún màlúù nínú ẹ̀ẹ̀rùn kò ní bá Aristotle sọ ọ́.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dé èdè mìíràn

Ní Àríwá Áfíríkà, níbi tí Àlgéríà àti apá kan Tùnísíà wà lónìí, orúkọ odidi ìjọba kan ni wọ́n so mọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ará Róòmù ń pe àwọn ènìyàn ibẹ̀ ní Numidae, ilẹ̀ wọn ní Numidia, àlàyé tí ọ̀pọ̀ òpìtàn sì fara mọ́ ni pé nomádes ti Gíríìkì ló di Numidae lẹ́nu wọn. Orúkọ náà kò bá ìlú mu. Lábẹ́ ọba Masinissa, tó kú ní ọdún 148 ṣáájú ìbí Jésù, Numidia ní olú ìlú ní Cirta, èyí tó ń jẹ́ Constantine báyìí, ó ní oko àlìkámà, ó sì ń fi ọkà ránṣẹ́ sí Róòmù. Polybius òpìtàn tilẹ̀ yin Masinissa pé ó fi hàn gbogbo ayé pé ilẹ̀ tí wọ́n rò pé kò lè so ohun ọ̀gbìn lè so ó dáadáa. Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn, orúkọ "àwọn darandaran" kò kúrò lára wọn. Irú rẹ̀ ṣì ń ṣẹlẹ̀ lónìí: àjèjì á sọ ènìyàn lórúkọ nítorí ohun kan ṣoṣo tó rí, orúkọ náà á sì pẹ́ ju ohun tó rí lọ.

Látìn gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ Gíríìkì, Faransé gbà á lọ́wọ́ Látìn, ó sì wọ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Àsìkò yẹn gan-an ni àwọn ará Yúróòpù ń wọkọ̀ òkun lọ sí ilẹ̀ tí wọn kò dé rí, wọ́n sì nílò ọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ìgbé ayé wọn kò jọ tiwọn. Díẹ̀díẹ̀ ni nomad kúrò lórí darandaran, tó wá bọ́ sórí ẹnikẹ́ni tí kò ní ilé olókùúta àti oko tó ní ààlà.

Ohun tó sọ ìyípadà yìí di ẹ̀kọ́ ni èrò kan tó gbilẹ̀ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Adam Smith, nínú ẹ̀kọ́ tó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Glasgow ní 1762 àti 1763, pín ìtàn ẹ̀dá sí ìpele mẹ́rin: ọdẹ, darandaran, àgbẹ̀, oníṣòwò. Lójú àwọn tó gba èyí gbọ́, darandaran jẹ́ ẹni tó dúró sí àkàsọ̀ ìsàlẹ̀, tí kò tíì gòkè. Iṣẹ́ àwọn awalẹ̀pìtàn ti da èrò náà rú. Ní pápá gbalasa ilẹ̀ Éṣíà, ẹ̀yìn tí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti wà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni àwọn kan tó gun ẹṣin ṣẹ̀ṣẹ̀ fi oko sílẹ̀ pátápátá tí wọ́n gbájú mọ́ ẹran. Ní Sàhárà, òdìkejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀: wọ́n ti ń sin màlúù tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbin ọkà níbẹ̀. Nítorí náà kò sí àkàsọ̀ kan tí gbogbo ènìyàn gùn. Ibi tí òjò kò ti ṣeé gbára lé, tí ó ń rọ̀ níhìn-ín lọ́dún yìí, tó ń rọ̀ lọ́hùn-ún lọ́dún tó ń bọ̀, ẹni tó bá jókòó sójú kan ni ebi máa pa. Ṣíṣí ni ọgbọ́n ibẹ̀.

Orúkọ tí àwọn tó ń ṣí ń pe ara wọn

Bí a bá fi ohun tí àjèjì ń pè wọ́n sílẹ̀, tí a sì wo èdè àwọn fúnra wọn, ìyàtọ̀ máa ń hàn. Àwọn Fúlàní ń pe ara wọn ní Fulɓe, ẹnì kan nínú wọn ni Pullo. Nínú èdè wọn, ìyàtọ̀ wà láàárín Fulɓe wuro, àwọn tó ń gbé ilé, àti Fulɓe ladde, àwọn tó ń gbé inú igbó. Ìran kan náà ni àwọn méjèèjì, ìdílé kan náà sì lè ní ọmọ ní ìhà méjèèjì. Ẹ̀ka kan nínú àwọn tó ń da màlúù ń jẹ́ Wodaabe, orúkọ tó túmọ̀ sí àwọn tó ń pa èèwọ̀ mọ́. Mbororo, tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ń pè ní Bororo, jẹ́ orúkọ tí wọ́n tún fi ń pe irú màlúù pupa kan tó ní ìwo gígùn. Kò sí "alárìnkiri" nínú ọ̀kankan. Ohun tí Fulɓe fi ń wọn ara wọn ni pulaaku, ìlànà ìwà tó kó sùúrù, ìtìjú àti làákàyè pọ̀, tí ẹni tó mọ ohun tí ọmọlúàbí jẹ́ kò ní ṣòro fún láti lóye. Nílẹ̀ Yorùbá pàápàá, ọ̀rọ̀ kan wà tó fi hàn pé àwọn aládùúgbò mọ̀ pé Fúlàní ní ibùgbé: gáà ni wọ́n ń pe ibi tí wọ́n pàgọ́ sí, àwọn àdúgbò ní Ìlọrin bíi Gáà Àkànbí sì ṣì ń jẹ́ ẹ títí dòní.

Lárúbáwá ní badw fún àwọn ará bádiya, ìyẹn pápá àti aṣálẹ̀ tó wà lẹ́yìn ìlú. Àwọn ará Yúróòpù tó lọ jagun Ìsìn ní Ìlà-oòrùn ló mú un bọ̀ wálé, tó fi di bédouin lẹ́nu Faransé. Ibn Khaldun, tí wọ́n bí ní Túnísì ní 1332, tó sì kú ní Káírò ní 1406, gbé odidi ẹ̀kọ́ kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí nínú Muqaddima, ìwé tó kọ ní 1377. Ó pín ìgbé ayé ẹ̀dá sí ti ìgbèríko àti ti ìlú ńlá, ó sì fi àgbẹ̀ ìletò àti darandaran sí ìhà kan náà. Àwọn ará ìgbèríko, gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣàlàyé, ní ìfẹ́ ọmọ ìyá tó lágbára, èyí tó pè ní asabiyya, agbára yìí ni wọ́n sì fi ń gba ìjọba; bí wọ́n bá ti gbádùn ìlú fún ìran mélòó kan, á yìnrìn, àwọn mìíràn á sì ti ìgbèríko dé. Kò sí onímọ̀ Gíríìkì tó fún àwọn tó ń sin ẹran nírú ipò bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn.

Ìrìn fúnra rẹ̀ wà nínú orúkọ àwọn kan. Yörük, ní Tọ́kì, wá láti ara ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí kí a máa rìn, orúkọ àwọn Kuchi ní Afghanistan sì wá láti ara kuch ti èdè Páṣíà, tó túmọ̀ sí ṣíṣí láti ibì kan sí ibòmíràn. Yurt, tí àwọn àjèjì fi ń pe àgọ́ roboto tí wọ́n fi irun àgùntàn tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ bò, kò túmọ̀ sí àgọ́ níbẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ tí ìdílé kan ń pàgọ́ sí ló túmọ̀ sí, ìyẹn ilé wọn gan-an.

Nígbà tí orúkọ di ẹ̀sùn

Látìn ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fún ìrìn láìnídìí: vagari. Láti ara rẹ̀ ni "vagabond" ti jáde, láti ìgbà tó sì ti jáde ni ó ti jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn adájọ́. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin 1824 fún ọlọ́pàá lágbára láti mú ẹni tí kò ní ilé tí kò sì lè ṣàlàyé ara rẹ̀. Ìjọba amúnisìn kó irú òfin bẹ́ẹ̀ wọ Nàìjíríà, ó sì wà nínú ìwé òfin ọ̀daràn lábẹ́ orúkọ ọ̀lẹ, ìpáǹle àti vagabond. Láti inú rẹ̀ ni ẹ̀sùn tí àwọn ará ìlú mọ̀ sí "wándẹ́ríìn" ti jáde, tí ọlọ́pàá fi ń kó àwọn tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ lálẹ́. Ọdún 1989 ni òfin ìjọba àpapọ̀ kan tó fòfin de irú ìmúni bẹ́ẹ̀.

Àwọn Roma ni ìyà orúkọ yìí jẹ jù ní Yúróòpù. Láti àríwá Íńdíà ni àwọn baba ńlá wọn ti wá, èdè wọn sì jẹ́rìí sí i. Àwọn onímọ̀ Jámánì ló fi èyí hàn nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní 1782 àti 1783. Ṣùgbọ́n àwọn Gẹ̀ẹ́sì rò pé Íjíbítì ni wọ́n ti wá, wọ́n sì pè wọ́n ní "Gypsy". Àwọn Faransé rò pé Bohemia ni, wọ́n pè wọ́n ní bohémien. Ní 1530, nígbà ayé ọba Henry kẹjọ, òfin kan jáde ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti lé "àwọn ará Íjíbítì" jáde kúrò nílùú. Nígbà tó ṣe, ní Paris, bohémien di orúkọ àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán tálákà tó kọ ìgbé ayé olówó sílẹ̀, ìwé Henri Murger tó jáde ní 1851 sì tan ìtumọ̀ yìí kálẹ̀. Ìran kan náà tí wọ́n ń lé láti ìlú dé ìlú ni àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán wọ̀nyí gba orúkọ rẹ̀ láti fi ṣe fáàrí. Nínú àpéjọ àgbáyé tí àwọn ènìyàn náà ṣe nítòsí Lọ́ńdọ̀nù ní 1971 ni wọ́n ti fẹnu kò pé Roma ni kí ayé máa pe àwọn.

Bí àwọn onímọ̀ ṣe ń pín oríṣi ṣíṣí

Àwọn onímọ̀ òde òní kì í kó gbogbo ṣíṣí pọ̀ mọ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní transhumance, láti inú ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí "ìkọjá ilẹ̀", ni lílọ-bíbọ̀ láàárín ibi méjì tí gbogbo ènìyàn mọ̀: orí òkè nígbà ooru, àfonífojì nígbà òtútù, tàbí àríwá nígbà òjò, gúúsù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní Sípéènì, ọba Alfonso kẹwàá fún ẹgbẹ́ àwọn alágùntàn, Mesta, ní ẹ̀tọ́ lábẹ́ òfin ní 1273, ojú ọ̀nà àgùntàn wọn sì ní ìwọ̀n tí àgbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbin nǹkan sí.

Iṣẹ́ tó la ojú ènìyàn jù lórí Fúlàní ni ti Derrick Stenning, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó bá àwọn Wodaabe gbé ní Bọ̀rnó, tó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1959. Ó ya ohun mẹ́ta sọ́tọ̀. Ọ̀kan ni ìrìn ọdọọdún láti ibùdó òjò sí ibùdó ẹ̀ẹ̀rùn. Ìkejì ni bí ojú ọ̀nà náà ṣe ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó fi jẹ́ pé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ìdílé kan á ti wà níbi tó jìnnà sí ti baba ńlá rẹ̀ láìsí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni pinnu pé kí àwọn kó lọ. Ìkẹta ni ìṣípòpadà òjijì, nígbà tí àrùn ẹran, owó orí tàbí ogun bá lé wọn. Ẹni tó bá rí darandaran ní ọdún kan ṣoṣo yóò rò pé ó ń rìn gbéregbère. Ẹni tó bá tẹ̀lé e fún ogún ọdún yóò rí ètò.

Ọwọ́ ìjọba

Ibi tí àìmọ̀tumọ̀ ti ṣe ìpalára tó burú jù ni Kazakhstan. Orúkọ ìran náà, qazaq, túmọ̀ sí ẹni tó dòmìnira tó ń rìn bó ṣe fẹ́ nínú èdè àwọn Tọ́kì. Nígbà tí ìjọba Soviet pinnu láti fipá mú wọn jókòó sójú kan, tó sì kó ẹran wọn sínú oko ìjọba, ìyàn mú láti 1930 sí 1933. Ó lé ní mílíọ̀nù 1 ènìyàn tó kú, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹran ilẹ̀ náà sì run. Ìjọba ti rí ṣíṣí gẹ́gẹ́ bí ìwà àìlájú. Kò rí i pé ṣíṣí ló ń mú ẹran àti ènìyàn yè níbi tí yìnyín àti ọ̀dá ti ń pààrọ̀ ipò.

Nàìjíríà kò gba ọ̀nà yẹn. Òfin Ìjọba Àríwá ti 1965 ya ilẹ̀ ìjẹko sọ́tọ̀, burtali, ojú ọ̀nà màlúù, sì wà láàárín oko pẹ̀lú ààlà tí àwọn baálẹ̀ mọ̀. Ní oṣù Kejìlá 1989, Òfin 41 dá Àjọ Ẹ̀kọ́ Àwọn Aṣíkiri sílẹ̀, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Kàdúná. Níbí ni ọ̀rọ̀ nomad ti gbòòrò lọ́nà tó kan Yorùbá gan-an: kì í ṣe ọmọ darandaran nìkan ni ètò náà wà fún, ó wà fún ọmọ àwọn apẹja aṣíkiri pẹ̀lú. Ìlàjẹ tó ń tọ ẹja lẹ́yìn ní etíkun láti Oǹdó dé orílẹ̀-èdè Benin ní ìwọ̀-oòrùn àti Kamẹrúùnù ní ìlà-oòrùn wà lára wọn, àti Ògù ti Badagry. Ẹja ni màlúù tiwọn, ìgbà tí ẹja bá sì ṣí ni wọ́n ń ṣí. Ní 1998, ECOWAS ṣe àdéhùn ní Àbújá pé darandaran lè da ẹran kọjá ààlà orílẹ̀-èdè bó bá ní ìwé ẹ̀rí tó sọ iye ẹran rẹ̀, ọ̀nà tó ń gbà àti pé wọ́n ti gún ẹran náà ní abẹ́rẹ́.

Láti ìgbà náà ni oko ti gun ọ̀pọ̀ burtali, ilé ti bo àwọn mìíràn, aṣálẹ̀ sì ń lé agbo wá sí gúúsù. Àgbẹ̀ ní Ìbàràpá àti Òkè-Ògùn tí màlúù jẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lóru pàdánù iṣẹ́ ọdún kan ní alẹ́ kan, àwọn ìdílé kan sì ti pàdánù ju oko lọ. Èkìtì ṣòfin lórí ìjẹko ní 2016, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ní gúúsù sì tẹ̀lé e. Ohun tó wà nílẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀ ni ìbéèrè tí némein ti ń béèrè látìgbà àwọn Gíríìkì: ta ló ni pápá, nígbà wo, ta ni yóò sì pín in.

Ìlò tuntun

Ní 1997, Tsugio Makimoto, ọmọ Jàpáànù, àti David Manners tẹ ìwé kan jáde tí wọ́n pè ní Digital Nomad. Wọ́n ní ẹ̀rọ kékeré àti íntánẹ́ẹ̀tì yóò mú kí òṣìṣẹ́ lè máa ṣiṣẹ́ láti ibikíbi láyé, orúkọ náà sì mọ́ irú àwọn bẹ́ẹ̀ lára. Ní 2020, Ẹsitóníà bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní físà tiwọn, fún ẹni tó bá lè fi hàn nígbà náà pé iye tó ń wọlé fún òun lóṣù kò dín ní 3,504 yúrò. Nínú ìlò yìí, ìrìn nìkan ló kù nínú ọ̀rọ̀ náà. Kò sí agbo, kò sí koríko, ẹni náà sì máa ń dá nìkan lọ ni, nígbà tó jẹ́ pé kò sí nomádes kan tí Herodotus kọ nípa rẹ̀ tí kì í ṣe ọmọ ẹbí tó ń ṣí pọ̀. Àwọn ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ti fi ìtumọ̀ tuntun yìí sí ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́, ti darandaran ni wọ́n sì ṣì ń kọ síwájú.